Òjìji Tẹ́ḿpìlì Thanjavur: Ṣé Lóòótọ́ Ni Kì Í Balẹ̀?

Àwọn tó ń mú àlejò yí tẹ́ḿpìlì Brihadisvara ká, nílùú Thanjavur ní gúúsù Íńdíà, ní ìtàn kan tí kì í tán lẹ́nu wọn: wọ́n ní òjìji ilé gogoro ibẹ̀ kì í balẹ̀ láé, pé awo àwọn ọ̀mọ̀lé ayé àtijọ́ ni.

Ó ń balẹ̀ dáadáa. Ẹ dé ibẹ̀ laago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ ó bá a níbi tó nà gbalaja sí lórí àgbàlá ẹ̀yìn ilé. Ẹsẹ̀ gan-an á jẹ́rìí, nítorí ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà: òkúta inú òjìji tutù nini, èyí tí oòrùn ń pa á máa ta yín lẹ́sẹ̀.

Ọ̀sán gangan ló bí irọ́ náà. Ilé ọ̀hún ga tó bíi mítà 60, ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó bíi mítà 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tín-ín-rín lọ sókè, àjà lórí àjà. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí àtàrí, òjìji ṣóńṣó ilé á wá kú sórí ìdí ilé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dúró síta n'Íbàdàn lọ́sàn-án oṣù kẹrin náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ tẹ òjìji ara rẹ̀ tán, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní awo. Àmọ́ kí oṣù kejìlá dé: oòrùn á ti ṣí lọ sí gúúsù, òjìji ọ̀sán á sì yọ sí àríwá, yóò fi mítà 20 ó lé kọjá ìdí ilé.



Lójú tèmi, ìtàn náà lẹ̀ mọ́ ilé yìí nítorí pé òun nìkan ló ga nínú ọgbà. Láyé àwọn ọba Chola, orí yàrá òrìṣà gan-an ni wọ́n ń kọ́ ilé gogoro lé, vimana ni wọ́n ń pè é. Ẹnubodè, ìyẹn gopuram, ò tó o. Àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn wọn ló yí i po, tí ẹnubodè fi wá ga ju yàrá òrìṣà lọ fíìfíì, bíi ti tẹ́ḿpìlì ìlú Madurai.

Rajaraja Kìíní, ọ̀kan nínú àwọn ọba Chola, ló kọ́ ti Thanjavur, ó parí ní 1010, ó sì gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára ògiri rẹ̀ bí ìwé ìṣirò. Lọ́jọ́ tó pé ọjọ́ 275 nínú ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀ lórí oyè ló fi ìkòkò bàbà ṣóńṣó orí ilé tọrẹ. Oníjó obìnrin 400 ló kó wá, orúkọ wọn wà níbẹ̀, àdúgbò wọn wà níbẹ̀, títí kan ilé kìíní, ilé kejì. Ọba tó ka ilé oníjó lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, bó bá rí òjìji mú so, á ti fi yangàn.