Bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣàn ṣe ń wò wá lójú láì wo ìwé

Téèyàn bá ń wo ìròyìn, á rò pé ńṣe lẹni tó ń kà á há gbogbo ẹ̀ sórí, torí kì í wolẹ̀, kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Kò há nǹkankan sórí o, iwájú kámẹ́rà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á gbé gíláàsì kan dà gẹ̀rẹ̀ síwájú lẹ́ńsì, bíi 45 dígírì, mọ́nítọ̀ á wà lábẹ́ ẹ̀ tó kọjú sókè, lẹ́tà orí mọ́nítọ̀ yẹn á wà lódìlódì bí ìgbà téèyàn gbé ìwé síwájú dígí, tó bá wá ta sórí gíláàsì á padà tọ́. Ẹni tó ń kà á ń rí ọ̀rọ̀, àmọ́ kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn gíláàsì, tí wọ́n fi aṣọ dúdú bò, ojú ẹni yẹn nìkan ló ń rí. Teleprompter nìyẹn, àwọn míì ń pè é ní autocue.

Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ ló ń sá lọ tẹ́ni yẹn wá ń sáré bá a. Rárá o. Lọ́pọ̀ sítúdíò, èèyàn ló ń yí i, tó tẹ́tí sẹ́nu ẹni tó ń kàwé, tíyẹn bá rọra kà á òun náà á rọra yí i, tíyẹn bá dúró mí á dúró dè é. Lẹ́tà ńláńlá ni, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìlà kan, torí tí ìlà bá gùn jù, a máa rí ẹyinjú ẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, àṣírí á tú. Bébà tí ọ̀pọ̀ wọn ń kó síwájú náà kì í ṣe oge, ìròyìn kan náà ló wà níbẹ̀, torí ọjọ́ tí gíláàsì bá ṣókùnkùn lójijì.

Ti etí ló le jù lójú mi. Bó ṣe ń ka ìròyìn jàǹbá lọ́wọ́, àwọn tó wà ní yàrá kejì ń bá a sọ̀rọ̀ nínú earpiece, ìyẹn ohun kékeré tó kì sétí: fídíò tó kàn ò tíì dé, fò ó, ó ku mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ. Kò gbọ́dọ̀ dáhùn, ohùn ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ yí padà.

Tí oníròyìn bá wá wà lọ́nà jíjìn, ẹ máa rí i tó kàn dúró tó ń wò lẹ́yìn tí wọ́n ti bi í léèrè. Kì í ṣe pé kò mọ ìdáhùn o! Sátẹ́láìtì tí wọ́n sábà máa ń gbà wà ní nǹkan bíi 35,786 kìlómítà lókè ìlà agbedeméjì ayé, kí ohùn tó gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀ á ti tó bíi ìdámẹ́rin sẹ́kọ́ǹdù, ìbéèrè á rìn ín, ìdáhùn náà á rìn ín, àwọn ẹ̀rọ tó ń fún àwòrán pọ̀ á tún fi tiwọn kún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ ohùn oníròyìn yẹn fúnra ẹ̀ kúrò nínú èyí tí wọ́n ń dá padà sí i létí. Tí wọ́n bá gbàgbé yọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ á máa padà bá a, ahọ́n ẹ̀ á wúwo, á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, nígbà míì ẹ máa rí i tó kàn fa nǹkan yẹn yọ létí lójú gbogbo ayé kó lè parí ọ̀rọ̀ ẹ̀.