Ilé-iṣẹ́ Kiewit

Kiewit jẹ́ ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ìkọ́lé ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìlú Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ọdún 1884 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ó ń ṣe afárá, ọ̀nà márosẹ̀, ìdídò, ibùdó amúnáwá àti ilé ńláńlá ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò. Bó ṣe tóbi tó yìí, ẹnikẹ́ni ò lè ra ìpín rẹ̀ ní ọjà ìpín ìdókòwò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ni ín, ẹni tó bá sì kúrò níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ta ìpín rẹ̀ padà fún ilé-iṣẹ́.

Ìtàn

Bíríkìlà ni Peter Kiewit, ọmọ ìran Dutch. Òun àti Andrew, arákùnrin rẹ̀, ló jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Omaha. Nígbà tí Peter kú ní ọdún 1914, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Èyí tó sọ ọ́ di ńlá nínú wọn ni ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, Peter, tí wọ́n bí ní ọdún 1900. Ó fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth sílẹ̀ láìpẹ́ tó débẹ̀, ó sì padà wálé wá kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Ní ọdún 1931 ló di ọ̀gá pátápátá, ní àkókò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń kọ́ ilé nígbà náà, nítorí náà ó kọjú sí iṣẹ́ ìjọba: ọ̀nà, afárá àti iṣẹ́ omi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kọ́ bárékè fún àwọn ọmọ ogun, títí kan ti Fort Lewis ní ìpínlẹ̀ Washington.

Ọ̀kan lára iṣẹ́ tó le jù lọ tí wọ́n bá wọn lọ́wọ́ sí ni ibùdó ọkọ̀ òfurufú ológun ní Thule, ní Greenland, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951. Kiewit wà lára àwọn agbaṣẹ́ṣe tó para pọ̀ ṣe é, ìkọ̀kọ̀ sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ọkọ̀ ojú omi lè la yìnyín kọjá débẹ̀. Yìnyín tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ kì í yọ́. Bí ooru ilé bá kan ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á rọ̀, ilé á sì rì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé àwọn ilé náà sókè kúrò nílẹ̀, tí wọ́n sì fi irú pátákó tí wọ́n fi ń ṣe yàrá amú-nǹkan-tutù ṣe ògiri wọn, kí ooru má bàa jáde.

Bí ìpín ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́

Peter kejì ló fìdí ètò ìpín náà múlẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí owó rẹ̀ bá wà nínú iṣẹ́ ni yóò ṣọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ilé-iṣẹ́ ló ń yan àwọn tó lè ra ìpín, owó àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ń rà á. Ariwo ọjà kọ́ ló ń sọ iye tí ìpín jẹ́. Wọ́n ń ṣírò rẹ̀ láti inú ìwé owó, ìyẹn ohun tó kù nínú dúkìá ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbèsè kúrò. Bí onípìn-ín bá fẹ̀yìn tì, tàbí tó kú, ilé-iṣẹ́ á ra ìpín náà padà, wọ́n á sì tà á fún àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ètò yìí yàtọ̀ sí ESOP, ìyẹn ètò mìíràn tí òṣìṣẹ́ fi ń ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn, tí òfin Amẹ́ríkà ọdún 1974 fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé mìíràn ń lò. Lábẹ́ ESOP, àwọn alámòójútó kan ló ń di ìpín mú fún àwọn òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ kì í sì í sábà san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ti Kiewit le ju ìyẹn lọ. Ọ̀gá àti ẹnjiníà ló pọ̀ jù nínú àwọn onípìn-ín. Bíríkìlà, awakatakata àti lébìrà kì í sábà sí lára wọn. Ó yẹ kí ẹni tó bá gbọ́ pé "òṣìṣẹ́ ló ni ín" mọ ìyẹn. Ewu mìíràn ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá jó rẹ̀yìn, owó oṣù onípìn-ín àti owó tó fi pa mọ́ á jọ fara gbá a.

Peter lo irú èrò kan náà fún ìwé ìròyìn Omaha World-Herald, tó rà ní ọdún 1962 kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ó ṣètò bí yóò ṣe di ti àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn náà, ọwọ́ wọn ló sì wà títí Berkshire Hathaway, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan, fi rà á ní ọdún 2011. Peter kú ní ọdún 1979, Walter Scott sì gba ipò rẹ̀.

Nígbà Scott ni wọ́n na ọwọ́ dé òwò ìbánisọ̀rọ̀. Òwò yẹn ń fẹ́ owó tabua látọ̀dọ̀ ará ìta, ètò ìpín ti òṣìṣẹ́ nìkan ò sì lè gbé e. Ní ọdún 1998 wọ́n pín ilé-iṣẹ́ sí méjì: ọ̀kan di Level 3 Communications, tó lọ sí ọjà ìpín, èkejì tó ń kọ́lé ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Iṣẹ́ àìpẹ́

Ní oṣù kejì ọdún 2017, kọnkéré ọ̀nà ìtúmi ìdídò Oroville ní California fọ́, wọ́n sì ní kí nǹkan bí 188,000 èèyàn kúrò nílé. Kiewit gba àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 275 dọ́là. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni gbèdéke, kí òjò tó dé. Wọ́n gbẹ́ òkúta tó ti jẹrà kúrò. Wọ́n wá fi kọnkéré tí omi rẹ̀ kò pọ̀ dí ihò náà ní ìpele-ìpele, tí katakata atẹ̀títì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó da kọnkéré onírin lé e, tí wọ́n fi irin so mọ́ àpáta. Wọ́n bá gbèdéke náà. Iṣẹ́ tó kù wáyé ní ọdún 2018, omi sì gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù kẹrin ọdún 2019.

Ní Ingleside, ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n ní ọgbà tí wọ́n ti ń to ibùdó ìwapo orí òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé apá òkè ibùdó Appomattox ti Shell lé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó wá láti Kòríà Gúúsù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Maryland yan Kiewit láti tún afárá Francis Scott Key ní Baltimore kọ́, èyí tí ọkọ̀ ojú omi wó ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún náà. Mílíọ̀nù 73 dọ́là ni àdéhùn ìpele àkọ́kọ́, tó jẹ́ ti yíya àwòrán iṣẹ́ àti ìpalẹ̀mọ́.