Bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí ṣe ń figbe ta nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé

Kí ibà tó mú èèyàn, kí ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó gbọ́, sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun ti wà lẹ́nu ìjà. Ẹ jẹ́ ká fi fáírọ́ọ̀sì influenza ṣe àpẹẹrẹ.

Ikun ló kọ́kọ́ ń mú un. Irun tíntìntín tó tó 200 lórí sẹ́ẹ̀lì kan ń fì ní ìgbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n ń gbá ikun náà lọ sọ́fun ká lè gbé e mì. Fáírọ́ọ̀sì tó bá yọ́ kọjá á lẹ̀ mọ́ èròjà ṣúgà kan lójú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì á gbé e wọlé láìfura, òun náà á sì tú ẹrù rẹ̀, okùn RNA 8, ìyẹn èròjà tó gbé ìtọ́ni tí wọ́n fi ń ṣe fáírọ́ọ̀sì mìíràn.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Sẹ́ẹ̀lì máa ń dé fìlà kẹ́míkà sórí RNA tó fi ń ṣe purotéènì. Orí òfo ni àwọn okùn fáírọ́ọ̀sì wà, fọ́sífétì 3 ló sì wà lórí wọn. Purotéènì kan tó ń jẹ́ RIG-I ló ń ṣọ́ irú orí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti dì í mú, á yíra padà, á lọ ta purotéènì mìíràn, MAVS, lólobó lára mitokọ́ńdríà, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì, ìròyìn á sì dé ibi tí àbùdá wà. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì á tú síta lẹ́yìn náà ni intafẹ́rọ́ọ̀nù, tí Alick Isaacs àti Jean Lindenmann ṣàwárí ní London lọ́dún 1957.

Intafẹ́rọ́ọ̀nù kì í pa fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Aládùúgbò ló ń ké sí. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbọ́ á jí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àbùdá: IFITM3 kò ní jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì tú ẹrù, RNase L á máa gé RNA wẹ́wẹ́, PKR á dá iṣẹ́ purotéènì dúró. Sẹ́ẹ̀lì a tún máa tú èròjà mìíràn tó ń pe ọmọ ogun ara wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn ọmọ ogun ara tó mọ ọ̀tá yìí lójú, sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pọ̀ tó. Igbe àkọ́kọ́ yẹn ló ń di ojú ọ̀nà mú kí wọ́n tó dé.

Influenza náà gbọ́n. Purotéènì rẹ̀ tó ń jẹ́ NS1 ń bo RNA mọ́lẹ̀, ó sì ń dí RIG-I lọ́wọ́; bí igbe bá pẹ́, fáírọ́ọ̀sì á ti tàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí igbe náà bá sì pọ̀ lápọ̀jù, ọmọ ogun tó ya wá á ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, omi á kún un. Oògùn tó ń pa bakitéríà, tí ọ̀pọ̀ ń sáré lò, kò ní ohun tó lè ṣe sí ìkankan nínú èyí.

Ìṣòro kan tún wà tó jẹ́ pé ara fúnra rẹ̀ ló ń fà á. Lọ́dún 2020, ìwádìí lórí COVID fi hàn pé, nínú 100 aláìsàn tí àrùn náà kọlu ẹ̀dọ̀fóró wọn gidigidi, ó kéré tán 10 ni ara wọn ti ṣe ohun ìjà tó ń pa intafẹ́rọ́ọ̀nù. Sẹ́ẹ̀lì wọn figbe ta, aládùúgbò kò gbọ́.