Kì Í Ṣe Ìwúwo Ló Ń Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Dilẹ̀ Mú

Bí èèyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀ eléré àtijọ́ ní Àbújá, ì báà ṣe V-Boot, Baby Benz tàbí BMW ayé ọjọ́un, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó gbà á nímọ̀ràn pé: "Èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tóbi ni kó o rà. Ọkọ̀ tó bá wúwo ló ń dilẹ̀ mú." Ọ̀rọ̀ yìí kò tán lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì ní Àpó. Àwọn èèyàn wa tó ń gba Lọ́kọ́jà àti Kàbbà lọ sílé lọ́dún náà ń sọ ọ́ fún ara wọn. Ó ń bí mi nínú, torí pé ojú ọ̀nà tó tọ́ nìkan ló ti jọ òótọ́, bẹ́ẹ̀ inú kọ́nà la ti ń mọ ọkọ̀ tó dilẹ̀ mú.

Pé ẹ́ńjìnnì ńlá ń fún ọkọ̀ lágbára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Pé púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ á fi mẹ́rin sílẹ̀ lójú títì Kubwa, mo gbà. Eré ṣíṣá nìyẹn. Yíyà sí kọ́nà lọ́tọ̀.

Táyà mẹ́rin péré ló ń fara kan ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, ìwúwo rẹ̀ á fẹ́ máa lọ tààrà síbi tó dojú kọ tẹ́lẹ̀. Táyà ló ń fà á yà. Bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, agbára tí táyà máa fi fà á náà á di ìlọ́po méjì. Ibi tí wọ́n ti máa ń dá mi dúró rèé: "Ṣebí ìwúwo yẹn náà ló ń tẹ táyà mọ́lẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni bí rọ́bà ṣe ń ṣe. Bí ẹrù orí táyà bá ń pọ̀ sí i, bó ṣe ń di ilẹ̀ mú náà ń pọ̀ sí i, àmọ́ wọn kì í jọ ga dọ́gba. Gbé ẹrù ìlọ́po méjì lé táyà lórí, ìdìmú rẹ̀ kò ní tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìwúwo ń gbà lọ́wọ́ táyà pọ̀ ju ohun tó ń fún un lọ, gbogbo ìgbà ni. Ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì lè dúró gbọn-in lójú kan ju ẹni tí kò ru nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n kó máa sáré, kó wá yà lójijì, ká wo ibi tí àpò náà máa gbé e gbà.

Eré tún ń dá kún un. Ẹni tó fi kìlómítà 60 ní wákàtí kan wọ kọ́nà, tó wá fi 120 wọ irú kọ́nà kan náà, ìlọ́po mẹ́rin ohun tó béèrè lọ́wọ́ táyà tẹ́lẹ̀ ló ń béèrè báyìí.

Ẹ wo Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kò ju lítà 2 lọ. Ta ni nínú àwọn àgbà tó wà á ní ọ̀nà Kánò tàbí Sókótó tó máa sọ pé kì í dilẹ̀ mú? Ọdún 1975 yẹn gan-an ló gba ipò kìíní nínú ìdíje eré ọkọ̀ Safari Rally ní Kẹ́ńyà.

Títóbi ẹ́ńjìnnì àti ìwúwo rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pàápàá. Ní England, láti 1967 sí 1969, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ MG kó ẹ́ńjìnnì onírin púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, lítà 2.9, sínú ara ọkọ̀ eléré wọn tó ń jẹ́ MGB, wọ́n pè é ní MGC. Ẹ́ńjìnnì náà fi nǹkan bíi kílò 95 wúwo ju ti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, iwájú sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn tó wà á nígbà náà ṣàròyé pé imú rẹ̀ ti wúwo jù, kò tètè gbọ́ sítíárì. Ní 1973, wọ́n kó púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ti ilé iṣẹ́ Rover, lítà 3.5, sínú MGB GT. Ó tóbi ju ti MGC lọ, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni, kò wúwo ju púlọ́ọ̀gì mẹ́rin onírin yẹn lọ, imú ọkọ̀ náà kò sì wúwo mọ́. Torí náà, ẹni tó ń sọ pé gbogbo ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń ba ìwakọ̀ jẹ́ náà ṣì í sọ.

Wọ́n á ní V-Boot 500E ńkọ́? Lítà 5 ni, púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, ó sì ń yà dáadáa. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe sí i ní Jámánì láti 1990. Porsche bá Mercedes ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀: wọ́n fẹ ara ọkọ̀ náà níbi táyà, wọ́n tún sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe, wọ́n gbé bíréèkì 500SL sí i. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún èèyàn níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló ṣì ń gbé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, bíréèkì àtijọ́ ló sì ń dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn.

Mi ò sọ pé ìwúwo kò ní àǹfààní kankan. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, tàbí tí tírélà bá sáré kọjá lára ẹni, ọkọ̀ tó wúwo kì í tètè mì. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bóyá fún ẹni tí kì í sáré, tí ọ̀nà tó tọ́ nìkan ló ń gbà, ọkọ̀ wíwúwo tẹ́ ẹ lọ́rùn jù, mi ò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn kó àpò iyanrìn sínú búùtù kí ọkọ̀ lè "jókòó," mo ti rí àwọn tó ń ṣe é.

Táyà ni kẹ́ ẹ náwó lé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra tòkunbọ̀. Lára rọ́bà náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 1213, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2013 ni. Bó ti wù kí ojú rẹ̀ jọ tuntun tó, rọ́bà ẹ̀ ti gbó, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.