Gíà réṣíò: ohun tó fà á tí ọkọ̀ kékeré tí ẹ fọwọ́ ṣe fi ń kùn tí kò rìn

Ẹ ti so bátìrì mọ́ ọkọ̀ kékeré tí ẹ fi pákó tàbí páálí ṣe. Mọ́tọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná bátìrì yí táyà, ń kùn, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹ fọwọ́ tì í lẹ́yìn, ó sún díẹ̀, ó tún dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé á ní bátìrì ni kò tó, wọ́n á wá fi kún un. Ibẹ̀ ni mọ́tọ̀ ti ń jóná. Gíà réṣíò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Gíà réṣíò ni iye ìgbà tí mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí gíà orí mọ́tọ̀ bá ní eyín 8, tí ti ara ọ̀pá táyà ní 40, ẹ fi 8 pín 40, ó di 5. Eré táyà á dín kù sí ìdá kan nínú márùn-ún, agbára tó fi ń ti ilẹ̀ á sì lé sí nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí eyín tó ń ha ara wọn bá jẹ níbẹ̀. Ìdí kan náà ni awakọ̀ Micra tó kó èrò kún inú ọkọ̀ fi máa ń fà á sí gíà kìíní bó bá fẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Mọ́tọ̀ kékeré inú ọkọ̀ ìṣeré, èyí tí wọ́n ń pè ní 130, lè yí tó ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan lórí 3V (fóòtì 3) bí kò bá gbé ẹrù kankan. Táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 65 láti etí kan sí ìkejì máa ń lọ tó sẹ̀ǹtímítà 20 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ki táyà yẹn bọ ọ̀pá mọ́tọ̀ tààrà, mítà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan lẹ ń béèrè, ìyẹn kìlómítà 120 ní wákàtí kan. Eré márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó lẹ ń béèrè lọ́wọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì! Kò lè ṣe é, ó dúró.

Ìdúró yẹn ló léwu. Mọ́tọ̀ tó ń yí máa ń dá iná díẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó ń ti iná bátìrì padà, ìdí nìyí tí kì í fi í mu iná jù. Bó bá ti dúró, wáyà inú rẹ̀ nìkan ló kù tó ń dí iná lọ́wọ́. Bí ìdílọ́wọ́ wáyà náà bá jẹ́ 1.5 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdílọ́wọ́ iná), 3V á ti ámpíà 2 gba inú rẹ̀ kọjá. Láìpẹ́, ẹ ó máa gbóòórùn ọ̀dà ara wáyà tó ń jó. Ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọn orí bátìrì nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀ tó ń kùn, kì í ṣe nígbà tí ẹ gbé e lọ́wọ́. Bí 3V bá já wálẹ̀ kọjá 2V, mọ́tọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Bátìrì 9V onígun mẹ́rin ló burú jù: fóòtì rẹ̀ ga lórí mítà, ṣùgbọ́n kò lágbára láti tú iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Mọ́tọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò tí gíà ti wà nínú rẹ̀ ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Réṣíò èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 48, ó sì ń yí táyà tó nǹkan bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan lórí 6V. Bí owó kò bá sí, ẹ tọrọ DVD tó ti kú lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀. Ibi tó ń ti àwo síta ní mọ́tọ̀, rọ́bà àti gíà oníke.

Bí gíà bá pọ̀, ìsọdipúpọ̀ ni, kì í ṣe ìròpọ̀: réṣíò 5 àti réṣíò 3 á di 15. Ṣùgbọ́n gíà méjì gbọ́dọ̀ jọ wà lórí ọ̀pá kan láàárín, ńlá àti kékeré. Gíà kan ṣoṣo tí ẹ ki sáàárín, ó kàn ń yí ọ̀nà tí táyà ń yí sí padà ni. Kò fi agbára kankan kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ kan gíà mọ́ pákó, ẹ fi bébà pélébé sáàárín eyín wọn, ẹ dè é pa, kí ẹ tó fa bébà náà yọ. Àyè kékeré yẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n há mọ́ra. Ẹ fi ike báírò bo ibi tí ọ̀pá táyà ti wọ inú pákó. Kí ẹ tó so mọ́tọ̀, ẹ fi ìka ta táyà: bí kò bá yí fàlàlà, réṣíò kankan kò lè gbà á.

Bó bá ń rìn ṣùgbọ́n tó ń wọ́ bí ìgbín, ẹ dín réṣíò kù, tàbí kí ẹ lo táyà tó tóbi sí i, torí iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Ẹni tó bá sì ń fi L298N, pátákó kékeré tó ń darí iná lọ sí mọ́tọ̀, darí mọ́tọ̀ rẹ̀, kó mọ̀ pé òun náà máa ń jẹ nǹkan bí 2V: 6V tó wọlé, bíi 4V ló máa jáde. Bátìrì 18650 (bátìrì lithium tó ṣeé ṣájì) méjì tí ẹ so tẹ̀lé ara wọn, ìyẹn 7.4V, ni kí ẹ fún un.