Ọ́ìlì ọ̀kadà mi dúdú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àbí fééki ni wọ́n tà fún mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dísípáàṣì ni mò ń ṣe, láti Yábàá lọ sí Island lójoojúmọ́. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì ní Sátidé tó kọjá, mo fa gééjì yọ láàárọ̀ yìí, ó ti dúdú bíi kóró iṣin. Ṣé wọn ò ti lù mí báyìí?

Ìdáhùn: Má tíì lọ bá ẹni tó tà á fún ẹ jà. Iṣẹ́ ọ́ìlì ni kó máa fọ dúdú tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnì, kó gbé e mọ́ra títí wàá fi dà á nù. Omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò, ṣé ó máa ń mọ́ ni? Àti pé ti tẹ́lẹ̀ kì í jò tán, èyí tó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pa tuntun láró. Èyí tó yẹ kó já ẹ láyà ni tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé nìyẹn (ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń la àgbàrá kọjá tí òjò bá rọ̀, ẹ gbọ́ o), tàbí tó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tàbí kó o rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì mọ́tò ni mo rà ṣá, torí ó dínwó díẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹn-ẹ́n! Ò bá ti tètè sọ. Mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ẹ̀ lọ́tọ̀, ti jíà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tá à ń gùn, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń lò. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n fi nǹkan sí kó lè yọ̀ dáadáa, kí mọ́tò má baà máa jẹ epo, tó o bá da irú ẹ̀ sí ọ̀kadà kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, wàá fún un níná, ẹ́ńjìnì á máa ké, ọ̀kadà ò ní lọ. Yí ẹ̀yìn ike ẹ̀ wò, àmì JASO MA tàbí MA2 ni kó o wá, òun ló ń fi hàn pé kílọ́ọ̀ṣì ò ní yọ̀. MB, ti skútà nìyẹn. Nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ki tó ńkọ́? 20W-50 ló wọ́pọ̀ níbí, àmọ́ èyí tí ìwé ọ̀kadà ẹ bá sọ ni kó o rà.

Ìbéèrè: Kìlómítà mélòó ni kí n máa dúró dè?

Ìdáhùn: Wo Third Mainland Bridge tí wọ́n ń gbà lọ sí Island, kìlómítà 11.8 ni. Lọ́jọ́ Sunday ìṣẹ́jú mélòó kan lo fi kọjá, àárọ̀ Monday ńkọ́, ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́ lójú kan, atẹ́gùn tó yẹ kó tù ú ò sì fẹ́, síbẹ̀ 11.8 yẹn náà ni míítà máa kọ. Torí ẹ̀, èmi kì í dúró de iye tí ìwé wí, ìdajì ẹ̀ ni mo máa ń pààrọ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá fẹ́ ṣe é fúnra mi?

Ìdáhùn: Tan án kó lọ́wọ́ọ́wọ́, má jẹ́ kó gbóná débi tó máa jó ẹ, gbé e sórí sítáǹdì àárín. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ yẹn, jẹ́jẹ́! Alumíníọ́mù ni ìdí ẹ́ńjìnì. Èmi fi gbogbo agbára dì í nígbà kan, ó dún pẹ́ẹ́, tírẹ́ẹ̀dì ti lọ, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ́ìlì fi ń kán sí bàtà mi. Fi wọ́ṣà tuntun sí i, kó sáà ti fún. Fílítà tó bá jẹ́ asẹ́ wáyà, bẹntiróòlù lo máa fi fọ̀ ọ́, kó o jẹ́ kó gbẹ, èyí tó jẹ́ bébà, sọ ọ́ nù ra òmíì, fi ọ́ìlì pa rọ́bà ẹ̀, kó o sì wò ó dáadáa pé rọ́bà ti tẹ́lẹ̀ ò lẹ̀ mọ́bẹ̀ torí rọ́bà méjì lórí ara wọn, á jò ni. Má da gbogbo ọ́ìlì sí i lẹ́ẹ̀kan. Tan án fún ìṣẹ́jú kan, pa á, jẹ́ kó sinmi, kó o wá wo gééjì pẹ̀lú ọ̀kadà lóòró. Tó bá kún jù, òun náà ò dáa.

Ìbéèrè: Èyí tí mo dà jáde ńkọ́?

Ìdáhùn: Má dà á sí gọ́tà, ọ̀sà ló ń lọ. Rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn káfíńtà máa gbà á lọ́wọ́ ẹ, wọ́n fi ń kun pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ike tuntun tó ṣófo yẹn, fi ìṣó lu ìdí ẹ̀ kó o tó sọ ọ́ nù, kẹ́nì kan má lọ rọ kọ́ńdẹ̀m, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, sínú ẹ̀ kó tún wá tà á fún ẹ.