Aláìsàn Tó Dákẹ́ Jẹ́ẹ́: Bí Àwọn Nọ́ọ̀sì ICU Ṣe Kọ́ Láti Dá Ìrànrán Mọ̀

Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ń ṣe ìrànrán (delirium, ìyẹn kí ọkàn èèyàn dàrú lójijì nítorí àìsàn), ẹni tó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀ ló máa ń wá síni lọ́kàn. Ojú yẹn náà ni wọ́n fi ń wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù nílé ìwòsàn. Ẹni tó ń fa rọ́bà ara rẹ̀ yọ ni wọ́n máa ń sọ pé orí rẹ̀ dàrú. Ti ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tó ranjú mọ́ àjà? "Ìyẹn ò yọ èèyàn lẹ́nu." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í, torí ìrànrán tó dákẹ́ wà, òun ló sì máa ń bọ́ mọ́ wọn lójú jù.

Ní 1990, Sharon Inouye, dókítà àwọn arúgbó ní Yunifásítì Yale lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà CAM jáde, kí ẹni tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ náà lè dá ìrànrán mọ̀. Ṣé ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, àbí ó ń lọ ó ń bọ̀? Ṣé aláìsàn kò lè pọkàn pọ̀? Bí méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, tí èrò rẹ̀ kò sì tò tàbí tí ojú rẹ̀ kò dá bó ṣe yẹ, ìrànrán ni. Ìlànà tó dáa ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbára lé. Báwo ni ẹni tí rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń bá a mí, yóò ṣe dáhùn?

Dókítà Wesley Ely àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt, nílùú Nashville ní Amẹ́ríkà, ló wá ojútùú síyẹn. CAM-ICU tí wọ́n gbé jáde ní 2001 kò béèrè ohùn. Nọ́ọ̀sì á di ọwọ́ aláìsàn mú: "Tí ẹ bá ti gbọ́ A, ẹ tẹ ọwọ́ mi." Lẹ́yìn náà á máa pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan: S, A, V, E, A, H, A, A, R, T. Àṣìṣe tó bá ju méjì lọ, ọkàn aláìsàn kò sí níbẹ̀. (Lẹ́tà V kò sí nínú ábídí tiwa, ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún ìyá àgbà kan ní Ìṣẹ́yìn á ní láti wá òmíràn.) Ìbéèrè wà níbẹ̀ tí èèyàn lè fi orí dáhùn: ṣé òkúta lè léfòó lójú omi? Ṣé ẹja wà nínú òkun?

Nínú aláìsàn 96 tí wọ́n fi dán an wò, 80 ló ṣe ìrànrán nígbà kan. Ní 2004, ẹgbẹ́ kan náà fi hàn pé láàárín oṣù mẹ́fà, 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe ìrànrán ló kú, nígbà tó jẹ́ pé 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ṣe é ló kú. Ta ló tún máa pè é ní ohun tí yóò lọ fúnra rẹ̀?

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn méjì, wọ́n fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣẹ́jú 20 péré bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tún un kọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Oṣù 21 ni wọ́n fi tọpa rẹ̀ lára aláìsàn 711, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2005. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣe é láàárín iṣẹ́ wọn ojoojúmọ́, kò sì di ẹrù.

Kòrónà dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù. Nínú aláìsàn 2,088 tí wọ́n yẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè 14, ó lé ní ìdajì tó ṣe ìrànrán. Oògùn oorun pọ̀ lára wọn, ilẹ̀kùn sì wà ní títì mọ́ ẹbí wọn. Àwọn tí ẹbí wọn rí wọn, ì báà jẹ́ lójú fóònù, ìrànrán kò fi bẹ́ẹ̀ mú wọn tó ìyókù.